Òwú Pupa Lábẹ́ Ahọ́n Bàtà

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ jókòó dáadáa. Olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Ìkòròdú níbí ló bẹ̀ mí pé kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi fún yín, mo sì ti sọ fún un pé n kò ní pa irọ́ dídùn fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó bá ń wá ìtàn bí èèyàn ṣe ń di olówó, kó yáa gba ilé ẹlòmíràn lọ. Aránbàtà ni mí. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi rán bàtà ní ọ̀nà Èbúté, oríṣiríṣi bàtà ló sì gba ọwọ́ mi kọjá, ṣùgbọ́n irú kan ṣoṣo ló gbé orúkọ mi jáde. Òun ni bàtà àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní básíkẹ́tì. Bàbá Kánfáàsì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ráfíù ni wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ti kú tán.

Ọdún méjì rèé tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ìka mi sì ti wọ́. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni mo kọ́, èmi nìkan ni mo kù sínú rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu mi kò ju ìkíni mẹ́ta tí mo kí àwọn ará mọ́sáláṣí lọ. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi o. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ni.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Apẹja ni bàbá mi, apẹja ni bàbá tó bí i lọ́mọ. Èmi nìkan ni òòyì ń kọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Bí wọ́n bá ti tukọ̀ díẹ̀ kúrò létí ọ̀sà báyìí, mo ti ń bì. Bàbá mi fara dà á títí, ó rẹ̀ ẹ́, ló bá mú mi wá sí Ìkòròdú, ó fà mí lé ìbátan ìyá mi kan lọ́wọ́, Ọ̀gá Súlè, aránbàtà. Ohun tó sọ fún un kò ju pé ọmọ rèé, omi kò gbà á, bóyá ilẹ̀ á gbà á.

Ọ̀gá Súlè le. Ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún pé ọ̀gá yín pariwo mọ́ yín, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ọdún kan gbáko, n kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Òwú àtijọ́ ni mò ń tú. Bí wọ́n bá gbé bàtà tó ya wá, èmi ni n ó fi abẹ tú gbogbo ojú ìránṣọ rẹ̀, abẹ kò sì gbọdọ̀ kan awọ. Bó bá kàn án pẹ́nrẹ́n, Ọ̀gá á ní kí n na ọwọ́, á fi sóòlù bàtà gbá a. Ìṣó tó bá sì ti tẹ̀, èmi ni n ó lù ú tọ́. Nígbà tí mo ráhùn, ó ní ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe tò ó, báwo ni yóò ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń tún un tò?

Ó tún ní àṣà kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá lọ níwájú ṣọ́ọ̀bù, á bi mí pé ibo ni sóòlù bàtà onítọ̀hún ti jẹ, ṣé ní gìgísẹ̀ ni àbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbọ́dọ̀ fi ìrìn rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí Ọ̀gá bá rò pé mo ṣì í, èmi ni n ó sáré lé ẹni ẹlẹ́ni bá, n ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ sókè kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn obìnrin tó ń ti Èbúté bọ̀ pẹ̀lú ẹja lórí a máa ṣépè fún mi. Ṣùgbọ́n kí ọdún kejì tó parí, bí èèyàn bá ti gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta, mo ti mọ ibi tí bàtà rẹ̀ ti ń sunkún.

Òfin Ọ̀gá kan wà tó ga ju gbogbo ìyókù lọ. Iṣẹ́ tó bá ti ọ̀dọ̀ wa jáde, a gbọ́dọ̀ fi òwú pupa gún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta lábẹ́ ahọ́n bàtà, kí ẹni tó bá ya mọ́ lọ́wọ́ lè mọ ẹni tó máa dá a padà fún. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá gbàgbé, kò ní jẹun ọ̀sán. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pamọ́, olè ni." Ó sọ ọ́ títí ó fi wọ inú egungun mi. Lọ́jọ́ tó yọ̀ǹda mi, tó ṣàdúà lé mi lórí, odidi ìdì òwú pupa kan ló fi lé mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti bàtà náà. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, kánfáàsì ni àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Aṣọ líle ni ara rẹ̀, rọ́bà ni ìsàlẹ̀ àti imú rẹ̀, ó ga bo kókósẹ̀, wọ́n sì lẹ nǹkan róbótó kan mọ́ ọn níbi eegun ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀ṣọ́ ni nǹkan róbótó yẹn. Irọ́ ni. Ààbò eegun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe, ọ̀ṣọ́ tẹ̀ lé e ni. Ibi tí ọmọńdinrín ti ń tẹ̀ ni kánfáàsì ti máa ń kọ́kọ́ ya, mo sì ti lẹ ibẹ̀ láìmọye ìgbà.

Àgùnbánirọ̀ kan tí wọ́n rán wá kọ́ni ní Ìkòròdú ló gbé bàtà bọ́ọ̀lù aláwọ àkọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Funfun gbòò ni. Sóòlù rẹ̀ ti ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá Súlè gbà á, ó yí i po, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó bẹ àgùnbánirọ̀ náà pé kó jẹ́ kí bàtà náà sùn lọ́dọ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó ṣe lọ tán, Ọ̀gá ní kí n tú u pátá. Ẹ̀rù bà mí. Mo tú u bí ẹni tó ń yọ egungun ẹja, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni Ọ̀gá sì ń tẹ́ lé orí bébà sìmẹ́ńtì, tó ń fi pẹ́ńsùlù yí i ká. Lẹ́yìn náà ó ní kí n rán an padà, kí àgùnbánirọ̀ má sì mọ̀ pé a tú ju ibi tó gbé wá lọ. Oorun kò kùn mí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Àgùnbánirọ̀ náà gbà á, ó wọ̀ ọ́, ó fò sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọgbọ́n àwọn tó ṣe é. Ihò wẹ́wẹ́ tó wà lórí imú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé sára ọmọ ìka ni. Ọrùn rẹ̀ ga, ó sì nípọn, kí ẹsẹ̀ má baà rọ́ bí èèyàn bá fò tó sì balẹ̀. Ìgbànú kékeré kan fún un ní ọrùn. Sóòlù rẹ̀ kì í ṣe pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ ọn, ó jin bí àwo tí ẹsẹ̀ jókòó sí, wọ́n sì tún fi òwú rán an yíká lẹ́yìn tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ tán. Tí ẹ bá yí i dojú dé, ẹ máa rí ìlà róbótó róbótó lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ a máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan yí bìrí, orí àwọn ìlà yẹn ló ti ń yí. Kò sí nǹkan kan lára bàtà náà tí kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí èèyàn fẹ́ràn bàtà lọ.

Nígbà tí mo dá dúró, ọjà ti yí padà. Òkìríkà ń gba ojú omi wọlé, bàtà náà sì wà nínú ẹrù. Kò pẹ́ táwọn tó ń wọ̀ ọ́ fi pọ̀ ju àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Wọ́n gé ọrùn rẹ̀ kúrò, ó di kúkúrú. Wọ́n ń tú okùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń na ahọ́n rẹ̀ síta sórí jíìnsì. Ọkọ ìyàwó kan wọ̀ ọ́ sábẹ́ agbádá, ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Gbogbo wọn ló mọ ọ̀nà ilé mi. Bó bá ya, bó bá pọ́n, bí sóòlù bá jẹ tán, wọ́n á ní ẹ gbé e lọ fún Bàbá Kánfáàsì, òwú pupa rẹ̀ kì í já.

Ọmọ kan ṣoṣo ni èmi àti ìyàwó mi Sìkírátù bí, Kàmọ́rù. Ọmọ náà ga bí ọ̀pá. Ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní ilé ìwé girama, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ikọ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ilé ìwé wọn. Ìròyìn wá pé olùkọ́ bọ́ọ̀lù kan ń bọ̀ láti Èkó wá wo ìdíje wọn, tó máa ṣa ọmọ méjì lọ sínú ikọ̀ tirẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní bàtà òkè òkun. Tirẹ̀ ti ya. Kàmọ́rù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n ṣe tòun bíi ti òkè òkun, kí ẹnikẹ́ni má lè mọ ìyàtọ̀. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká wá lọ fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo ní kò burú.

Ó ti dìde tán, ó tún padà dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òwú pupa sí i."

Mo ní mo gbọ́.

Oṣù kan ni mo fi ṣe bàtà yẹn. Mo yọ bébà sìmẹ́ńtì tí mo jogún lọ́wọ́ Ọ̀gá síta, mo gé awọ funfun, mo lu ihò imú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mú sóòlù lára òkìríkà kan tí ara rẹ̀ ti kú. Mo fi ọwọ́ rán yíká rẹ̀. Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì, mo sì mọ̀ pé n kò tíì ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì ní ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì fi ọwọ́ yín ṣe nǹkan kan, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí. Mo wò ó títí. Kí iṣẹ́ yìí wọ ayé lọ láìní àmì mi? Ohùn Ọ̀gá Súlè ń dún létí mi pé olè ni mí. Mo ṣí ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà ọ̀tún, mo gún òwú pupa lẹ́ẹ̀mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, mo dá ìtẹ́lẹ̀ padà. N kò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, nítorí Ọ̀gá kò fẹ́ kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù bo àmì mọ́lẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ta ni yóò rí i níbẹ̀. Aṣegbé kan kò sí o, àṣepamọ́ ló wà.

Ọjọ́ ìdíje pé. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ fìlà tuntun, mo lọ dúró létí pápá. Ọmọ mi gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà! Ó ń yí bìrí lórí àwọn ìlà róbótó yẹn, bàtà náà kò tàsé. Nígbà tí wọ́n sinmi, òkúta ti wọ inú bàtà rẹ̀. Ó bọ́ bàtà ọ̀tún, ó gbọ̀n ọ́n, ìtẹ́lẹ̀ sì jábọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ikọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá a mú un. Ó yọjú wo inú bàtà, ó sì kígbe pé òwú Bàbá Kánfáàsì nìyí. Ojú gbogbo wọn yí sí mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó yẹ kí n wolẹ̀ tàbí kí n wo ibòmíràn. Ọwọ́ ni mo nà sókè. Mo ní, "Èmi ni mo ṣe é."

Ẹ̀rín bú sí pápá. Kàmọ́rù jókòó sílẹ̀. Ó bọ́ tòsì pẹ̀lú, ó to méjèèjì sórí ìlà funfun, imú wọn sí mi, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn kúrò lórí pápá. Wọ́n parí ìdíje láìsí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olùkọ́ bọ́ọ̀lù láti Èkó wá ń béèrè pé ọmọ gíga yẹn ńkọ́, tó gbá bọ́ọ̀lù ní ìdajì àkọ́kọ́. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ wo bàtà ẹnikẹ́ni. Mo sáré délé láti sọ fún Kàmọ́rù, ìyá rẹ̀ ní ó ti kó aṣọ rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, sí agbo ilé bàbá mi. Bí mo ṣe ń rántí rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ náà wá.

Ẹ má rò pé ó kọ̀ mí lọ́mọ. Ìbá tiẹ̀ sàn. Gbogbo ọdún Iléyá ló ń wá, á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, á béèrè ìlera mi, á gbé ẹran kalẹ̀, á sì lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí àbùkù kankan tí mo lè tọ́ka sí. Ìyá rẹ̀ ló máa ń sọ fún mi pé ó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, pé ó ti bímọ, pé ọmọ náà ti ń rìn. Nígbà tí Sìkírátù kú, ẹnu tó ń gbé ọ̀rọ̀ ọmọ mi wá fún mi pa dé. A sin ín, Kàmọ́rù ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe, ó ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀, sà," ó padà sí Ẹ̀pẹ́. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, ìgbéraga kò sì jẹ́ kí n sọ ọ́. N kò wá nǹkan mìíràn láyé mọ́ ju pé kí ọmọ mi bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan tó ju ìkíni lọ.

Iṣẹ́ kò dúró dè mí. Gọ́ọ̀mù dé tó ń gbẹ kí èèyàn tó ka ogún. Màṣíìnì dé tó ń rán sóòlù yíká kí n tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, mo bú u fún ọdún kan, lẹ́yìn náà mo ra tèmi. Àwọn ọ̀dọ́ ayé òní kò tún fẹ́ kí iwájú bàtà wọn wó, wọ́n ń ki ike bọ̀ ọ́, wọ́n ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ lójú títì. Bàtà tí wọ́n ṣe fún fífò! Wọ́n ń gbé e wá kí n kun òdòdó àti orúkọ wọn sí i lára. Mo kùn ún. Ìdí iṣẹ́ ẹni la ti ń jẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ pápá yẹn, n kò ṣe odidi bàtà mọ́, àtúnṣe nìkan ni. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ọ, ó dára, kò ní jẹ́ kí ebi pa yín. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé èèyàn lè mọ ibi tí bàtà gbogbo ìlú ti ń jẹ, kó má mọ ti ilé rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. N kò ránṣẹ́ ṣáájú. A ò tíì kí ìrun àílà nígbà tí mo dé etí ọ̀sà. Mo bá Kàmọ́rù nídìí iṣẹ́, ẹ́ńjìnnì kan wà ní títú nílẹ̀ níwájú rẹ̀, gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ló tẹ́ lé orí àpò ìrẹsì. Ewú ti wà lórí òun náà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fa àpótí kan fún mi, ó sì padà sídìí ohun tó ń ṣe. Ẹ̀bẹ̀ mi ti wà lẹ́nu mi láti Ìkòròdú. Kódà, ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ.

Mo ní, "Kàmọ́rù, nítorí òwú yẹn ni mo ṣe wá. O ní kí n má fi sí i, mo ní mo gbọ́, mo sì fi sí i. Mo ṣẹ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n ti sọ ọ́."

Kò gbé ojú sókè. Ó ń fi àkísà nu sípánà ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Òwú kọ́, Bàbá."

Mo bi í pé kí wá ni.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ máa fi sí i. Ta ni kò mọ̀ yín? Ìgbà tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, ojú yín ni mo wò. Ẹ̀yin náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín."

Mo wá inú mi títí. Mo rántí oòrùn ọjọ́ náà, mo rántí fìlà tuntun, mo rántí imú bàtà méjèèjì tó kọjú sí mi. N kò rántí ẹ̀rín kankan lẹ́nu ara mi. Ṣùgbọ́n n kò lè ní ó parọ́, nítorí mo mọ ara mi. Bí nǹkan bá tì mí lójú, ẹ̀rín ni mo ń rín. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Gbogbo ọdún tí mo fi di ẹ̀bẹ̀ mọ́ra, ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ni mo dì.

Mo ṣí fìlà mi níwájú ọmọ tí mo bí. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà nítòsí ń wò wá, n kò sì bìkítà. Mo ní, "Ọmọ mi, n kò rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ní mo rín in, mo rín in. Má bínú."

Omi ń gbá etí ọkọ̀. Ó gbé ojú sókè wò mí, ojú rẹ̀ sì dúró lórí orí mi tó ti pá.

Ó ní, "Ẹ dé fìlà yín, Bàbá. Oòrùn yìí mú."

Mo dé e. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, èmi náà sì jókòó sórí àpótí náà, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìrun àílà kọjá, ti àlàásárì kọjá, ọkọ̀ tó máa gbé mi padà sí Ìkòròdú kún, ó sì lọ. Kò ní kí n máa lọ.